Ṣé Kí Ẹgbẹ́ Òbí Ra Tábúlẹ́ẹ̀tì? Ìdáhùn sí Ìyá Kan ní Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ìyá kan kọ̀wé láti Ìkọ̀lé-Èkìtì. Igbákejì alága ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ni ní ilé-ìwé girama ìjọba kan. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn ti dá mílíọ̀nù 3 náírà jọ láàárín ọdún méjì, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ọmọ ìlú tó wà lókè òkun. Àwọn kan fẹ́ kí wọ́n fi owó náà ra tábúlẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ SS2 àti SS3. Àwọn kan ní kí wọ́n fi kọ́ yàrá kọ̀ǹpútà. Ilé-ìwé ti fòfin de fóònù, síbẹ̀ àwọn olùkọ́ kan ń fi iṣẹ́ àṣetiléwá ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àwọn ọmọ kan sì ti ń fi AI kọ àròkọ. Ó wá béèrè pé: “Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, èwo ni kí á ṣe tí owó àwọn òbí wọ̀nyí kò fi ní ṣòfò?”

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ sì kú ìtọ́jú owó ìlú. Mo mọ bí ó ti máa ń nira tó láti gba owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ òbí tí kò tíì ta iṣu, nítorí náà n kò ní fi ìdáhùn pamọ́ di ìparí ìwé. Ẹ má ra tábúlẹ́ẹ̀tì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì tíì já búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ fún ilé tuntun. Ẹ kọ́kọ́ mọ iye ọmọ tó lè kàwé tí ohun tó kà á sì yé e ní ilé-ìwé yín. Ẹ fi díẹ̀ nínú owó náà ran àwọn olùkọ́ lọ́wọ́. Ohun tó bá kù, ẹ fi ra kọ̀ǹpútà alágbèéká díẹ̀ tí gbogbo kíláàsì yóò máa pín lò nínú yàrá tó ti wà nílẹ̀, kí sólà sì máa gbé wọn ró. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ.

Ọdún 1984 ni mo gba iṣẹ́ olùkọ́, nígbà tí ètò 6-3-3-4 ṣì jẹ́ tuntun, nítorí ọdún 1982 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Èrò rere ló wà nídìí ètò náà: kí ọmọ tó bá parí girama kékeré ti fọwọ́ kan iṣẹ́ ọwọ́, kó má jẹ́ pé ìwé nìkan ni ó mọ̀. Ìjọba àpapọ̀ ra àwọn ẹ̀rọ Introductory Technology láti òkè òkun, wọ́n sì pín wọn káàkiri ilé-ìwé. Àpótí pákó ńlá mẹ́ta ni wọ́n gbé wá sí ilé-ìwé tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. A tò wọ́n sẹ́yìn yàrá olùkọ́, nítorí ilé-ìwé náà kò ní iná mànàmáná, kò ní ilé iṣẹ́-ọwọ́, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tí wọ́n kọ́ ní bí wọ́n ti ń lò wọ́n. Lọ́dún kẹta, òjò jò sí ọ̀kan, a bá tú u. Ẹ̀rọ ìlùhò ló wà nínú rẹ̀. Gírísì tí wọ́n fi kùn ún láti ilé iṣẹ́ ṣì nípọn lára irin rẹ̀ lókè, ó ń rùn bí epo tuntun, ṣùgbọ́n ìpẹtà ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ìwé tó wà fún ìlò rẹ̀ sì ti lẹ̀ pọ̀ di odidi kan. Mo dúró tì í pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì kẹta tí a pè láti bá wa gbé e. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, “Sà, kí ni wọ́n ń fi í ṣe?” N kò lè dáhùn ju pé wọ́n ń fi í lu ihò lọ. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ ló kún ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní Nàìjíríà nígbà náà.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti di àṣà mi pé, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ wọ ilé-ìwé, mo máa ń béèrè wákàtí wo lórí táìmù-téébù ni ẹ̀rọ náà yóò máa ṣiṣẹ́, ẹ̀kọ́ wo ni yóò bá a lọ, àti ta ni yóò tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́. Bí wọn kò bá rí ìdáhùn fún mi, mo mọ̀ pé àpótí pákó ni wọ́n tún fẹ́ gbé wá.

Kì í ṣe èyí nìkan ni a ti fojú rí. Nígbà ìjọba Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí àkọ́kọ́, láàárín 2010 sí 2014, wọ́n pín kọ̀ǹpútà alágbèéká fún àwọn ọmọ girama àti àwọn olùkọ́ ní Èkìtì níbí. Ní Ọ̀ṣun tó múlé tì wá, ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde ní 2013, tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sínú rẹ̀. Mo yìn wọ́n fún èrò náà, pàápàá Ọpọ́n Ìmọ̀, nítorí wọ́n ro ohun tí yóò wà nínú ẹ̀rọ kí wọ́n tó pín in. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí tí ọmọ wọn gba irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pé níbo ni ó wà báyìí. Bátìrì a máa kú. Ojú rẹ̀ a máa fọ́. Kò sì sí owó nínú ètò fún ohun tó bá bàjẹ́.

Ti orílẹ̀-èdè Peru gbòòrò ju tiwa lọ: wọ́n pín kọ̀ǹpútà kékeré tí ètò One Laptop per Child ṣe, irú èyí tí wọ́n dán wò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Galadima, lẹ́bàá Àbújá, ní 2007. Nígbà tí àwọn olùwádìí gbé àbájáde ti Peru jáde ní 2012, ọmọ tó gba kọ̀ǹpútà kò yàtọ̀ sí ọmọ tí kò gbà nínú ìdánwò ìṣirò àti ti èdè. Ọwọ́ wọn mọ́ kọ̀ǹpútà, ìyẹn kò ṣàìwúlò. Ṣùgbọ́n ohun tí wọn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ nínú ìwé, wọn kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tí Báńkì Àgbáyé dán wò ní ìlú Benin, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó, láàárín oṣù kẹfà àti oṣù keje 2024. Àwọn ọmọ SS1 ń dúró lẹ́yìn ilé-ìwé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n ń fi Copilot, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ AI, kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Olùkọ́ wà pẹ̀lú wọn nínú yàrá. Orí ẹ̀kọ́ tó wà nínú síláàbọ́ọ̀sì ni wọ́n ń bá lọ, olùkọ́ ló ń sọ ohun tí wọn yóò béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ, òun náà ló ń ṣàtúnṣe ohun tí ẹ̀rọ bá dáhùn. Àwọn ọmọ tó kópa ṣe dáadáa gan-an ju àwọn tí kò kópa lọ, ẹni tó bá sì wá déédéé ló jèrè jù. Màmá, kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà Benin dára ju ti Peru lọ ni kókó ọ̀rọ̀ yìí. Ní Benin, wákàtí wà fún un, ẹ̀kọ́ wà fún un, olùkọ́ sì mọ ohun tí òun ń ṣe.

Nítorí náà ni mo ṣe ní kí ẹ kọ́kọ́ wo ìwé kíkà. UNICEF ti sọ ọ́ pé mẹ́ta nínú ọmọ mẹ́rin tó wà láàárín ọmọ ọdún 7 sí 14 ní Nàìjíríà ni kò lè ka gbólóhùn kúkúrú kó yé e, tàbí kí ó ṣe ìṣirò kékeré. Ní tiwa, a máa ń rò pé ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn ni ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ, nítorí a mọ Èkìtì sí ilẹ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé, kò sì sí agboolé tí a kò ti lè ka ọ̀jọ̀gbọ́n kan tàbí méjì. Mo ti wọ kíláàsì JSS2 ní Èkìtì yìí tí ọmọ mọ́kàndínlógún nínú mẹ́tàlélógójì kò lè ka ìpínrọ̀ kan nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì JSS1. Wọ́n lè da á kọ láti ojú pátákó, lẹ́tà wọn sì gún régé. Bí ẹ bá wo ìwé wọn nìkan, ẹ ó ní wọ́n mọ̀wé. Ẹ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní tábúlẹ́ẹ̀tì tó kún fún ẹgbẹ̀rún ìwé, ohun tí kò lè kà lẹ tún fi kún ohun tí kò lè kà.

Ìdánwò tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ mú ìpínrọ̀ kan tó tó 100 ọ̀rọ̀ nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, òmíràn nínú ìwé Yorùbá, kí ìwọ̀n méjèèjì rẹlẹ̀ sí kíláàsì ọmọ náà ní ọdún kan. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ méjì àti òbí méjì tó mọ̀wé jókòó sábẹ́ igi, kí wọ́n máa pe ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ó ka á sókè. Lẹ́yìn náà kí wọ́n bi í ní ìbéèrè mẹ́rin, méjì tí ìdáhùn rẹ̀ wà lójú ìwé, méjì tí ó gbọ́dọ̀ ronú sí. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ fún ọmọ kan. Ẹgbẹ́ Pratham ní orílẹ̀-èdè Íńdíà ló jẹ́ kí irú àyẹ̀wò yìí gbajúmọ̀, láti inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti dé ibi ètò tí wọ́n fi ń pín àwọn ọmọ sí ìsọ̀rí fún wákàtí kan lójúmọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti lè kàwé tó, láìwo kíláàsì wọn. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní wákàtí tó kẹ́yìn lójoojúmọ́, láìgba àṣẹ ẹnikẹ́ni ju ti ọ̀gá ilé-ìwé lọ.

Ọ̀rọ̀ èdè wọ inú èyí, n kò sì lè fò ó. Ìṣirò ni mo kọ́ jù, ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ kò tó, wọ́n máa ń fún mi ní Yorùbá kọ́ pẹ̀lú. Ọmọkùnrin kan, ọmọ oko, kọ ọ́ sínú àròkọ rẹ̀ pé òun “lọ sí ulé.” Mo fi báírò pupa fa igi lé e, mo kọ “ilé” sókè rẹ̀, mo sì kà á sókè fún gbogbo kíláàsì pé báyìí ni wọn kì í kọ ọ́. Ọmọ náà gbé orí sórí tábìlì. Ulé ni ìyá rẹ̀ ń pè é, ulé ni ìyá tèmi náà ń pè é. Ó yẹ kí n sọ fún un pé ó gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa, ó kọ ohun tó gbọ́ dáadáa, pé ọ̀nà kejì wà tí a fi ń kọ ọ́ sínú ìwé kí ará Ọ̀yọ́ àti ará Ìjẹ̀bú lè bá wa kà á. Kò tún nawọ́ láti dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì mi fún ìgbà pípẹ́, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ohun tí mo fẹ́ fà yọ nínú ìyẹn ni pé ọmọ tí èdè rẹ̀ kò bá níyì ní kíláàsì kì í ní ìgboyà láti kàwé ní èdè kankan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi èyí hàn láti 1970 ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Mọdákẹ́kẹ́, nígbà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún odidi ọdún mẹ́fà, tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà tayọ ẹgbẹ́ wọn nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìlànà ìjọba ti sọ láti 1977 pé èdè àdúgbò ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Ní oṣù kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí ó jẹ́ ọdún mẹ́fà gbáko. Ní oṣù kọkànlá 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Túnjí Aláùsá, kéde pé àwọn ti fagi lé ìlànà náà, kí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè ìkọ́ni. Inú mi bàjẹ́ nígbà tí mo gbọ́. Ọdún mẹ́ta kò tó láti tẹ ìwé, kò tó láti kọ́ olùkọ́, kí a tó sọ pé ohun kan kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ìlànà tó ní kí olùkọ́ ìṣirò má fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tó ta kókó fún ọmọ tí ojú rẹ̀ ti ṣú. Ẹ gbà á níyànjú pé kí ó máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo wá dé ọ̀dọ̀ olùkọ́. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní 1955, iye ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti bí 450,000 sí ohun tó ju 800,000 lọ láàárín ọdún kan. Kí ọjọ́ náà tó dé, Olóyè S. O. Awókọ̀yà tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ti ń sáré ṣí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ káàkiri. Síbẹ̀ olùkọ́ kò tó. Àwọn tí wọn kò kọ́ ní iṣẹ́ olùkọ́ ló ń kọ́ ọ̀pọ̀ kíláàsì, àwọn òbí sì figbe ta pé ẹ̀kọ́ ti rẹlẹ̀. Olùkọ́ ló kọ́kọ́ fún ètò náà pa, àwọn olùkọ́ tí wọ́n tẹ̀síwájú láti kọ́ náà ló sì gbé e dìde lẹ́yìn náà. Àwa tí a jẹ́ ọmọ ètò yẹn mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ẹ fi ìdá kan nínú owó yín sí ọwọ́ àwọn olùkọ́. N kò sọ pé kí ẹ pín owó fún wọn. Ẹ ra kọ̀ǹpútà méjì sí yàrá olùkọ́ kí ẹ tó ra ti ọmọ, ẹ san owó ẹni tí yóò wá kọ́ wọn fún ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́jọ, ẹ sì pèsè oúnjẹ ọ̀sán. Kí ohun tí wọn yóò kọ́ jẹ́ ohun tí wọn yóò lò ní ọjọ́ Ajé: bí wọn yóò ti ya àwòrán ọkàn ènìyàn sójú pírójẹ́kítọ̀, bí wọn yóò ti tẹ ìbéèrè Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, bí wọn yóò ti ṣètò máàkì kí wọ́n má baà fi ọwọ́ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ ṣọ́ra, kí ẹ má sọ ọ́ di ìdánwò fún wọn. Ní 2012, ìjọba Èkìtì fẹ́ ṣe àyẹ̀wò láti mọ ohun tí àwọn olùkọ́ nílò. Àwọn olùkọ́ kọ̀ láti jókòó ṣe é, nítorí ìbẹ̀rù pé wọn yóò fi lé àwọn kan lọ, ọ̀rọ̀ náà sì wọ inú òṣèlú. Mo gbà pé ó yẹ kí a mọ ibi tí olùkọ́ kù sí. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ẹ̀rù bá ń bà kì í sọ ohun tí kò mọ̀, ẹni tí kò bá sì sọ ọ́, a kò lè kọ́ ọ.

Ó kan ẹ̀rọ wàyí. Ẹ wá kọ̀ǹpútà alágbèéká méjìlá, kí ó jẹ́ tòkunbọ̀ tó ṣì lágbára, kí gbogbo wọn jẹ́ oríṣi kan náà, kí ẹ lè máa yọ ẹ̀yà ara èyí tó kú tún èyí tó kù ṣe. Ọmọ méjì-méjì ni yóò máa pín ọ̀kan lò; wọ́n máa ń kọ́ ara wọn bí wọ́n bá jókòó bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ń jẹ iná bí 50 wáàtì. Méjìlá yóò jẹ 600 wáàtì. Bí ẹ bá lò wọ́n fún wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, 2,400 wáàtì-wákàtí nìyẹn. Ẹ bá ẹni tó mọ iṣẹ́ sólà sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìṣirò yìí lọ́wọ́, kí ó má baà ta ohun tó ní lọ́ja fún yín. Pánẹ́ẹ̀lì tí àpapọ̀ rẹ̀ tó 1,500 wáàtì àti bátìrì lithium tó lè gba bí 5,000 wáàtì-wákàtí yóò tó yín, yóò sì gba àyè fún ọjọ́ tí òjò bá ṣú. Bátìrì olómi kò wọ́n tó o ní rírà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lò ó kọjá ìdajì lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ kú. Nígbà ọyẹ́, kí ẹnì kan máa fi omi àti aṣọ rírọ̀ nu eruku ojú pánẹ́ẹ̀lì láràárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹ ti rí bí àwọn ìlú kan ní apá ọ̀dọ̀ yín ti wà láìníná fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà ẹ má gbé ètò yìí lé iná ìjọba, ẹ má sì gbé e lé jẹnẹrétọ̀. Ọjọ́ tí epo bá wọ́n ni kíláàsì yóò parí.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì kò sí ẹ̀kọ́. Kiwix wà, ọ̀fẹ́ ni, ó ń jẹ́ kí ẹ kó odidi Wikipedia, ti Yorùbá pẹ̀lú, sínú ẹ̀rọ kan. Kolibri wà, ọ̀fẹ́ ni òun náà, ẹ̀kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì tó ní fídíò ló kún inú rẹ̀. Ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà yín ni ẹ ó kó wọn sí, àwọn yòókù yóò sì máa gbà á láti ara rẹ̀ láìra dátà. Ẹ ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ bá ọ̀dọ́mọkùnrin tàbí ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ọjà yín ṣe àdéhùn pé kí ó máa wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Irin ojú fèrèsé àti ọdẹ alẹ́ náà ń gba owó. Ẹ kà á mọ́ ọn.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín fẹ́ ṣe JAMB mọ̀ pé kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n fi ń ṣe é láti 2015. Ìbéèrè 180 ni, fún wákàtí méjì: ìṣẹ́jú àáyá 40 péré ló kan ìbéèrè kan. Mo tẹ̀lé àwọn ọmọ wa lọ sí ibi ìdánwò kan ní Adó. Wọ́n jẹ́ kí wọ́n fi ìdánwò ìgbáradì kan mọ ẹ̀rọ náà ná. Mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Ọmọbìnrin kan tó mọ̀wé dáadáa, tó jẹ́ ẹni kejì ní kíláàsì rẹ̀, gbé máòsì sókè kúrò lórí tábìlì, ó nà án sí ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń tan tọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò nílò máòsì rárá: bọ́tìnì mẹ́jọ péré ni JAMB ń lò, A, B, C àti D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà, S láti parí, R láti yí ìpinnu pa dà. Ọ̀sán ọjọ́ kan tó láti kọ́ ọmọ ní ìyẹn. A kò kọ́ ọ, ẹ̀bi wa sì ni. Kọ̀ǹpútà méjìlá náà yóò tó fún gbogbo SS3 láti ṣe ìdánwò àfidánrawò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ bí ẹ bá pín wọn sí ọ̀wọ́.

Lórí fóònù, mo wà lẹ́yìn ọ̀gá ilé-ìwé yín. Orílẹ̀-èdè Faransé ti fòfin dè é fún àwọn ọmọ kékeré láti 2018, ìjábọ̀ UNESCO ti 2023 sì kìlọ̀ nípa bí ó ti ń fa ọkàn ọmọ kúrò nínú ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n òfin tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ ń rú kì í dúró. Bí wọ́n bá gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ ní àárọ̀, tí wọ́n wá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ tí fóònù kò sí ní ilé rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ níyà. Mo mọ ọmọbìnrin kan tó máa ń dúró lẹ́bàá ìsọ̀ ẹni tó ń gba fóònù sí iná, kí ó lè da iṣẹ́ àṣetiléwá kọ láti ojú fóònù ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan, títí ilẹ̀ fi ṣú. Kí iṣẹ́ àṣetiléwá máa wà lójú pátákó, kí gbogbo ọmọ kọ ọ́ kí agogo tó lù. Kí WhatsApp jẹ́ ti ìpàdé òbí àti ti owó ilé-ìwé. Kí àwọn olùkọ́ náà má gbé fóònù lọ́wọ́ nínú kíláàsì, àyàfi fún ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kọ sínú ìwé ìmúrasílẹ̀ wọn.

AI kò ṣeé fòfin dè nílé, nítorí ẹ kò sí níbẹ̀. Olùkọ́ kan fi àròkọ ọmọ SS1 kan hàn mí nípa ilé ìyá àgbà rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dán, ṣùgbọ́n èéfín ń jáde láti orí òrùlé gba inú chimney, ihò èéfín orí ilé àwọn òyìnbó, ewé igi sì ń pọ́n nítorí òtútù. Mo bi ọmọ náà jẹ́jẹ́ pé kí ó sọ bí ilé ìyá àgbà rẹ̀ ti rí. Ó ní ìyá àgbà máa ń sun iṣu níwájú ilé, adìyẹ a sì máa gun òun lórí bí òun bá sùn sí pálọ̀. Mo ní kí ó kọ ìyẹn. Ó kọ ìdajì ojú ìwé, àṣìṣe mẹ́tàdínlógún ló wà nínú rẹ̀, olùkọ́ rẹ̀ sì fún un ní máàkì tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí àròkọ máa wáyé nínú kíláàsì, kí ọmọ sì máa dìde sọ ohun tó kọ lẹ́nu ara rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè jẹ́ kí wọ́n fi AI wá àṣìṣe wọn lójú olùkọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe ní Benin.

Bí ẹ bá ti ṣe ìdánwò ìwé kíkà náà tán fún JSS2 àti SS1, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi iye ọmọ tó kà á tó sì yé wọn, iye tó kà á tí kò yé wọn, àti iye tí kò lè kà á rárá, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èmi yóò jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ owó yín kí a tó sọ iye kọ̀ǹpútà tí ẹ ó rà.